Wọ́n Fi Owó Pọ́ọ́kú Ná Ẹ̀rọ Orin Yín: Èsì Wo Ló Yẹ Kí Ẹ Fún Wọn?

Ẹ gbé sípíkà Yamaha HS5 méjì sórí Jiji, ẹ pè é ní ₦400,000. Ẹ ti nu eruku ara rẹ̀, ẹ ya fọ́tò iwájú àti ẹ̀yìn, ẹ sì kọ ọ́ síbẹ̀ pé kò sí ibi tó ti bàjẹ́. Kò pẹ́, ẹnì kan kọ̀wé: "180 last." Kò kí yín, kò béèrè bóyá ó ń ṣiṣẹ́, kò béèrè apá ibi tí ẹ wà ní Àbújá. Inú á kọ́kọ́ bí èèyàn. Àmọ́ èsì tí ẹ bá fi ránṣẹ́ ní ìṣẹ́jú yẹn ló máa ń pinnu iye tí ẹ̀rọ náà máa bá lọ. Àwọn kan á bú u. Àwọn kan á bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀ ẹ́. Àwọn míì á já owó ara wọn wálẹ̀ kí ẹni náà tó sọ̀rọ̀ ẹ̀ẹ̀kejì.

Mo fẹ́ fi àwọn èsì tó wà nílẹ̀ wéra níbí, kí ẹ lè mú èyí tó bá ọjà yín àti àpò yín mu. Ohun kan ṣoṣo ni mo fi ń wọn gbogbo wọn: ṣé èsì yìí á mú kí ẹni tó fẹ́ rà á ní tòótọ́ gbé ẹsẹ̀ wá wò ó, kí ẹni tó kàn ń dán yín wò sì máa lọ láìná yín ní nǹkan kan?

Ìdí tí mo fi gbé e lé ẹsẹ̀ nìyí. Nínáà fúnra rẹ̀ kì í ṣe ìwọ̀sí. Bí àwọn ìyá wa bá ń ra aṣọ ní Gbági n'Ìbàdàn, ìdajì owó tí oníṣòwò pè ni wọ́n máa ń fi bẹ̀rẹ̀, nígbà míì kò tó ìdajì, kò sì sẹ́ni tó ń bínú. Ní ọjà Wuse náà, bẹ́ẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n ẹni tó dúró níwájú ìsọ̀ yín ti wọ mọ́tò, ó ti rìn nínú oòrùn, owó wà lọ́wọ́ rẹ̀, ojú yín sì ń rí ojú rẹ̀. Ojú lọ̀rọ̀ wà. Ẹni tó kọ "180 last" lórí fóònù kò tíì ná kọ́bọ̀. Ó lè ti fi ọ̀rọ̀ kan náà ránṣẹ́ sí olùtà mẹ́wàá láti orí bẹ́ẹ̀dì rẹ̀. Nítorí náà, ẹ má ṣe dín owó kù fún ẹni tí kò tíì gbé ẹsẹ̀.

Ẹ mọ iye tiyín kí ọ̀rọ̀ tó dé

Ohun mẹ́ta ni kí ẹ mọ̀ kí ẹ tó gbé ìpolówó síta. Èkíní ni iye tí wọ́n ń ta tuntun rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù lọ́sẹ̀ yìí. Èkejì ni iye tí àwọn míì ń pe àlòkù rẹ̀, kí ẹ sì rántí pé iye tí wọ́n pè kọ́ ni iye tí wọ́n tà á. Èyí tó ti wà lórí Jiji fún oṣù mẹ́ta láìtà ń sọ fún yín pé owó yẹn kò gbà. Ẹ̀kẹta ni iye ìkẹyìn tiyín, èyí tí ẹ ò ní lọ sísàlẹ̀ rẹ̀. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹ má sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni, pàápàá àbúrò yín tó máa ń bá yín dá oníbàárà lóhùn, torí ẹnu rẹ̀ ni oníbàárà máa ti gbọ́ ọ.

Ọ̀pọ̀ owó pọ́ọ́kú tí wọ́n ń pè ló ti inú iye àtijọ́ wá, kì í ṣe inú ọ̀kánjúwà. Oṣù kẹfà ọdún 2023 ni Báǹkì Àpapọ̀ Nàìjíríà tú náírà sílẹ̀ kí ọjà máa sọ iye rẹ̀. Dọ́là tí kò tó ₦500 lọ́dọ̀ ìjọba ṣáájú ìgbà yẹn kọjá ₦1,500 ní 2024. Òkè òkun sì ni ẹ̀rọ orin gidi ti ń wá, iye tuntun fò, àlòkù tẹ̀lé e. Ẹni tí ọ̀rẹ́ rẹ̀ ra HS5 ní 2021 ṣì ní iye ìgbà náà lórí. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ kò nílò ìjà. Fọ́tò iye tuntun láti ṣọ́ọ̀bù kan, tí ẹ yà lọ́sẹ̀ yìí, ló nílò. Mo ti rí i tí fọ́tò bẹ́ẹ̀ fi mú kí ẹnì kan fi owó kún owó rẹ̀ láìjẹ́ pé olùtà sọ gbólóhùn méjì.

Èyí kan ẹ̀yin náà. Iye tí ẹ ra ẹ̀rọ yín kò kan oníbàárà, yálà ẹ rà á wọ́n tàbí ẹ rà á pọ́ọ́kú. Iye tó lè fi ra òmíràn lónìí ló kàn án.

Àwọn èsì, ní ẹ̀gbẹ́ ara wọn

| Èsì | Ìgbà tó dára | Ohun tó lè ná yín |
|---|---|---|
| Ẹ dákẹ́ | Ẹni kan náà ló tún padà wá pẹ̀lú iye kan náà | Ẹ lè pàdánù oníbàárà gidi tí kò kàn mọ ọ̀rọ̀ sọ |
| "Kò gbà", pẹ̀lú iye yín lẹ́ẹ̀kan | Ọjà yín ń wá èèyàn, ẹ ò kánjú | Ó lè pẹ́ díẹ̀ kó tó tà |
| Ẹ pín in sáàárín | Owó tó pè ti sún mọ́ tiyín | Ẹni tó bá pè é kéré jù ló máa jèrè jù |
| Ẹ dín iye yín kù lẹ́ẹ̀kan, pẹ̀lú àdéhùn | Ó ti béèrè ìbéèrè tó mọ́gbọ́n wá | Kò ju ìwọ̀nba owó tí ẹ ti pinnu láti fi sílẹ̀ |
| "Ẹ wá wò ó" | Ẹ̀rọ yín dára ju fọ́tò rẹ̀ lọ | Àkókò yín, iná, àti ètò ààbò |
| Ẹ gbà á | Ẹ nílò owó kíá, tàbí ẹ̀rọ náà ní àbùkù | Ìyàtọ̀ owó náà |

Bíbú kò sí nínú tábìlì yìí torí kò ta nǹkan kan fún ẹnikẹ́ni. Ọ̀rọ̀ rere ní í yọ obì lápò. Àwa Yorùbá tó ń ṣe orin ní Àbújá kò sì pọ̀ tó bí a ṣe rò. Ẹni tí ẹ bú ní Facebook lónìí lè jẹ́ ẹni tó ń tẹ dùùrù ní ìjọ yín ní Kubwa, tàbí àbúrò ẹni tó máa gbà yín síṣẹ́ òde àríyá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀.

Dídákẹ́ rọrùn, ó sì ń tu èèyàn lára. Mi ò fara mọ́ ọn gẹ́gẹ́ bí èsì àkọ́kọ́. Níbi tí a wà yìí, ọ̀pọ̀ èèyàn tó ń fẹ́ rà ní tòótọ́ ló ń fi iye kékeré ṣílẹ̀kùn torí bí wọ́n ṣe kọ́ wọn láti máa rajà nìyẹn. Bí ẹ bá dákẹ́, wọ́n á rò pé ẹ ti tà á, wọ́n á sì lọ sọ́dọ̀ ẹlòmíì. Ó dára fún ẹni tó bá padà wá lẹ́ẹ̀kejì láìfi kọ́bọ̀ kún un.

"Kò gbà" ni mo máa ń kọ́kọ́ fi sọ̀rọ̀. Ẹ jẹ́ kó kúrú, kó ní ọ̀wọ̀, kó sì ní ìbéèrè kan nínú tó máa fi ẹni náà hàn:

*"Ẹ kú iṣẹ́, ẹ̀gbọ́n. 180 kò gbà. 400 ni mo ń pè é, àwọn méjèèjì ń ṣiṣẹ́ dáadáa. Ṣé sítúdíò lẹ fẹ́ lò ó fún ni àbí ilé? Apá ibo lẹ wà?"*

Ẹni tó ń ṣeré kò ní dáhùn ìbéèrè méjì ìkẹyìn yẹn. Á kàn kọ "200". Ẹni tó fẹ́ rà á á sọ fún yín pé Lugbe lòun wà, pé ọmọ òun ló ń gbé orin jáde nílé, pé òun fẹ́ mọ̀ bóyá wáyà rẹ̀ wà níbẹ̀. Nígbà yẹn lẹ mọ̀ pé ẹ ti rí èèyàn. Bí oníbàárà bá ń sọ Hausa, "albarka" ni olùtà máa ń sọ láti fi kọ owó láìbínú. Gbogbo ọjà àríwá ló mọ̀ ọ́n, ó sì tutù létí ju "no" lọ.

Pípín in sáàárín ni mo fẹ́ kí ẹ ṣọ́ra fún jù. Ó jọ ìwà àgbà, ó jọ ẹ̀tọ́: "Ẹ jẹ́ ká pàdé láàárín." Ẹ wo ìṣirò rẹ̀. Ẹ pè é ní ₦400,000, ó ná an ní ₦180,000. Àárín rẹ̀ ni ₦290,000. Ká ní ₦150,000 ló fi bẹ̀rẹ̀, àárín rẹ̀ á jẹ́ ₦275,000. Bí ó ṣe ń pè é kéré sí i ni àárín ń sún mọ́ ọn, ẹ̀yin ò sì ṣe ohunkóhun tó burú. Bí iye ìkẹyìn yín bá jẹ́ ₦350,000, ẹ ti jìnnà sí i pátápátá kí ẹ tó mọ̀. Ìgbà kan ṣoṣo tí pípín in sáàárín dára ni ìgbà tó bá ti pè é ní nǹkan bíi ₦370,000, tí ìyàtọ̀ tó kù kò ju owó mọ́tò àti àkókò lọ.

Èyí tó sàn jù ú ni kí ẹ dín owó kù láti orí iye tiyín, lẹ́ẹ̀kan péré, kí ẹ sì so ó mọ́ nǹkan tí ẹni náà máa ṣe. *"Bí ẹ bá lè wá gbé e lónìí tàbí lọ́la, màá gba 380."* Ẹ wò ó pé iye tó pè kò sí nínú ìṣirò yìí rárá. Ìyàtọ̀ ₦20,000 yẹn ni ẹ fi ra ẹsẹ̀ rẹ̀. Bí kò bá wá, 400 ni iye náà ṣì jẹ́. Bí ó bá tún béèrè ẹ̀dínwó lẹ́yìn èyí, ẹ sọ fún un pé ibẹ̀ ló parí sí lórí fóònù, bó bá rí i lójú tí ohun kan kò tẹ́ ẹ lọ́rùn, ẹ á jọ sọ ọ́. Mo gbàgbọ́ nínú ọ̀nà yìí ju gbogbo èyí tó kù lọ, torí kì í fi ojú ẹnikẹ́ni gbolẹ̀, kì í sì jẹ́ kí iye yín máa yọ̀ bí ẹni wà lórí ẹrẹ̀.

"Ẹ wá wò ó"

Mo fẹ́ dúró díẹ̀ lórí èyí torí òun ni ọ̀pọ̀ olùtà kì í múra fún.

Owó pọ́ọ́kú orí íntánẹ́ẹ̀tì sábà máa ń jẹ́ ìbẹ̀rù. Oníbàárà ń ro pé máìkì Shure SM58 yín lè jẹ́ ayédèrú, torí ayédèrú rẹ̀ pọ̀ lọ́jà. Ó ń ro pé wúfà sípíkà yín (ojú ńlá tó ń gbé ohùn ìsàlẹ̀ jáde) lè ti jó, pé míksà yín (ẹ̀rọ tó ń pa ohùn oríṣiríṣi pọ̀) lè máa ta pàrà pàrà bí wọ́n bá fọwọ́ kàn án. Ó wá fi iye ìbẹ̀rù náà yọ kúrò nínú owó yín. Bí ẹ bá mú ìbẹ̀rù yẹn kúrò, owó á gòkè fúnra rẹ̀.

Ìmúrasílẹ̀ rẹ̀ kò le. Ẹ rí i pé iná wà, bó bá jẹ́ ìgbà tí wọ́n ń mú iná lọ lẹ ti jọ ṣàdéhùn, ẹ ní jẹnẹrétọ̀ tàbí inverter nílẹ̀. Ẹ to gbogbo wáyà síbẹ̀. Bó bá jẹ́ máìkì kọ́ńdẹ́ńsà lẹ ń tà, ẹ rántí pé ó ń fẹ́ iná 48V láti inú wáyà rẹ̀ kó tó lè sọ̀rọ̀, kí ẹ ní interface (àpótí kékeré tó ń so máìkì mọ́ kọ̀ǹpútà) tàbí míksà tó ń gbé 48V jáde nítòsí. SM58 ní tiẹ̀ kò nílò rẹ̀, wáyà àti míksà lásán ti tó.

Ẹ jẹ́ kí oníbàárà fi fóònù tirẹ̀ gbé orin tí òun fúnra rẹ̀ mọ̀ dáadáa sí i. Bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ohùn kékeré, kí ẹ sì gbé e sókè díẹ̀díẹ̀. Bó bá jẹ́ sípíkà tí ojú wúfà rẹ̀ wà ní ìta, ẹ pa iná rẹ̀, kí ẹ fi ìka yí ojú kọ́ọ̀nù náà ká, kí ẹ tẹ̀ ẹ́ wọlé jẹ́jẹ́ pẹ̀lú agbára kan náà ní gbogbo ẹ̀gbẹ́. Bó bá ń ha inú, tí ẹ gbọ́ ohùn bí ìgbà tí ìwé bá ń fi ara gbo ògiri, kọ́ìlì rẹ̀, ìyẹn wáyà tí wọ́n wé sẹ́yìn kọ́ọ̀nù, ti yẹ̀. Bó bá wọlé tó sì jáde láìsí ohùn, oníbàárà á fi etí ara rẹ̀ gbọ́ pé kò sí àbùkù. Fún míksà, ẹ fi hẹ́dìfóònù sí i, kí ẹ jẹ́ kó fọwọ́ rẹ̀ gbé fédà kọ̀ọ̀kan (bọ́tìnì tí wọ́n ń sún sókè sódò láti fi mú ohùn pọ̀ tàbí kéré) láti ìsàlẹ̀ dé òkè pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́.

Ọ̀rọ̀ fédà yìí ṣe pàtàkì níbí ju ní gúúsù lọ. Ọyẹ́ Àbújá láti oṣù kọkànlá dé oṣù kejì ń kó eruku pupa wọ gbogbo ihò. Míksà tí wọn kò dà aṣọ bò máa ń ta pàrà pàrà lẹ́yìn ọyẹ́ kan péré, kì í sì í ṣe pé ó ti bàjẹ́. Kọ́ńtáàkì klínà ìgò kan, ìyẹn oògùn tí wọ́n fi ń fọ eruku inú ẹ̀rọ, tí ẹ fọ́n sí i kí ẹ sì sún fédà sókè sódò, máa ń mú ariwo náà lọ. Ẹ ṣe é kí ẹ tó polówó rẹ̀. Oníbàárà tó bá gbọ́ ariwo yẹn kò ní yọ iye ìgò klínà kan. Ìdá kan nínú mẹ́ta iye ẹ̀rọ náà ló máa yọ.

Ibi tí ẹ máa pàdé: ọ̀sán gangan, ibi tí èèyàn pọ̀ sí. Ẹ̀rọ kékeré bíi máìkì àti interface, ẹ lè gbé e lọ sí Jabi Lake Mall tàbí iwájú báǹkì kan. Ẹ̀rọ ńlá tó pọn dandan kó jẹ́ ilé, ẹ má dá nìkan wà.

Ta ló ń ná an?

Alárọ̀bọ̀, ìyẹn ẹni tó ń rà á láti tún un tà, máa ń pe owó pọ́ọ́kú torí ó ní láti jèrè lórí rẹ̀. Kò bú yín. Iṣẹ́ rẹ̀ ló ń ṣe. Owó wà lọ́wọ́ rẹ̀, kì í fi àkókò ṣòfò, á sì gbé e lọ lọ́jọ́ kan náà. Ẹni tó fẹ́ lò ó fúnra rẹ̀ máa ń san jù ú lọ, ṣùgbọ́n ó lè gba ọ̀sẹ̀ méjì kó tó kó owó náà jọ. Bí owó ilé ìwé ọmọ bá ń bẹ lọ́rùn yín, alárọ̀bọ̀ sàn. Bí kò bá sí ohun tó ń lé yín, ẹ dúró de ẹni tó fẹ́ lò ó.

Ìjọ yàtọ̀ sí àwọn méjèèjì. Ẹni tí wọ́n rán wá máa ń fi owó kékeré bẹ̀rẹ̀ torí ìgbìmọ̀ ló fún un ní iye kan, kì í sì í ṣe òun ló máa pinnu. Ẹ má bá òun nìkan ná an. Ẹ kọ iye yín, ohun tó wà níbẹ̀, àti ìlérí pé wọ́n lè dán an wò, kí ẹ fi fídíò kékeré kan kún un, kó lè fi han àwọn tó rán an. Ìwé bẹ́ẹ̀ ń ṣiṣẹ́ ju ọ̀rọ̀ ẹnu lọ níwájú ìgbìmọ̀. Kí ẹ sì mọ̀ pé ìpinnu wọn lè pẹ́.

Akẹ́kọ̀ọ́ tàbí ọ̀dọ́ tó ń bẹ̀rẹ̀ orin, tó sọ gbangba pé iye tí òun ní nìyí, ni mo máa ń fẹ́ kí èèyàn fi sùúrù gbọ́. Ìbẹ̀ẹ̀bẹ̀ kì í ṣe nínáà. Bí ẹ bá fẹ́ ràn án lọ́wọ́, ẹ ràn án lọ́wọ́ tinútinú, kí ẹ sì jẹ́ kí iye náà wà láàárín ẹ̀yin méjèèjì. Bí ẹ kò bá lè ṣe é, ẹ sọ fún un pé ẹ ò lè ṣe é. Ó sàn ju kí ẹ máa fà á bọ̀ bọ̀ lọ.

Ibi tí ẹ ti ń tà á

Jiji ń mú oníbàárà tó pọ̀ jù wá, òun náà ló ń mú owó pọ́ọ́kú tó pọ̀ jù wá, torí ẹni tó bá wọ ibẹ̀ ń rí ogún irú ẹ̀rọ kan náà lójú kan. Ní Facebook Marketplace, bọ́tìnì kan ṣoṣo ló ń fi "Is this available?" ránṣẹ́, nítorí náà ẹ má ka ìbéèrè yẹn sí nǹkan kan títí ẹni náà á fi fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ ọ̀rọ̀ kejì. WhatsApp, yálà orí status yín tàbí ẹgbẹ́ àwọn olórin, kì í mú èèyàn púpọ̀ wá, ṣùgbọ́n àwọn tó ń wá mọ̀ yín tàbí mọ ẹni tó mọ̀ yín. Ibẹ̀ ni nínáà ti máa ń mọ níwọ̀n jù. Fún sípíkà sítúdíò àti interface, ibẹ̀ ni màá ti kọ́kọ́ gbìyànjú.

Ṣọ́ọ̀bù ní Wuse tàbí Garki tó ń gba àlòkù ni àwọn èèyàn kì í fẹ́ gbọ́ nípa rẹ̀, torí ìgbà àkọ́kọ́ tí oníṣọ́ọ̀bù bá sọ iye rẹ̀, ó máa ń dun èèyàn. Àmọ́ ẹ fi í wé èyí tó kù dáadáa. Oníṣọ́ọ̀bù á dán an wò lójú yín, á san owó lójú ẹsẹ̀, á gbé ẹrù tó wúwo kúrò nílé yín, kò sì sí ẹni tó máa pè yín lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì pé máìkì kò dún mọ́. Fún sípíkà òde àríyá ńlá àti áńpù tó wúwo, tí wíwá ọkọ̀ fún un láti Mararaba wọ ìlú fúnra rẹ̀ jẹ́ ìnáwó, mo rò pé iye oníṣọ́ọ̀bù kì í jìnnà sí iye tó máa kù sí yín lọ́wọ́ bí ẹ bá fi oṣù méjì dá oníbàárà lóhùn. Fún máìkì kan tó wọ àpò, kò yẹ kí ẹ gbé e débẹ̀.

Pàṣípààrọ̀ náà wà: "Ẹ gba ẹ̀rọ mi, kí n fi owó díẹ̀ kún un." Ẹ gbà á kìkì bó bá jẹ́ ohun tí ẹ ti fẹ́ rà tẹ́lẹ̀. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ọjà méjì ni ẹ máa wá máa tà.

Owó pọ́ọ́kú tó jẹ́ òótọ́

Nígbà míì, oníbàárà kò ṣẹ̀, iye yín ni kò tọ̀nà.

Ẹ̀rọ tòkúnbọ̀ láti Amẹ́ríkà ni àpẹẹrẹ tó wọ́pọ̀ jù. Ẹ yí i padà, kí ẹ ka ohun tí wọ́n kọ sẹ́yìn. Bó bá jẹ́ 120V àti 60Hz nìkan ló wà níbẹ̀, kò lè jẹ iná Nàìjíríà tó jẹ́ 230V àti 50Hz láìsí tìráńsífọ́mà tó ń mú iná wálẹ̀. Oníbàárà tó yọ iye tìráńsífọ́mà náà àti wàhálà rẹ̀ kúrò lára owó yín kò ṣe àṣejù. Bó bá jẹ́ 100–240V ni wọ́n kọ, ẹ ya fọ́tò rẹ̀ sínú ìpolówó. Fọ́tò kan yẹn ń pa ọ̀pọ̀ nínáà. Interface Focusrite Scarlett 2i2 ń jẹ iná láti ara kọ̀ǹpútà nípasẹ̀ USB, ọ̀rọ̀ yìí kò kàn án.

Ohun tó ní bátìrì nínú, bíi sípíkà JBL PartyBox 310, ń gbó bí bátìrì fóònù ṣe ń gbó. JBL sọ pé tuntun rẹ̀ lè ṣeré fún wákàtí 18. Ẹ ki tiyín bọ iná títí bátìrì rẹ̀ yóò fi kún, kí ẹ jẹ́ kó ṣeré, kí ẹ sì kọ wákàtí tó lò gan-an. Ẹni tó bá ná an pọ́ọ́kú torí bátìrì, ẹ ní ìdáhùn fún un, tàbí ẹ mọ̀ pé ó sọ òótọ́.

Ní ìdà kejì, SM58 ti wà láti 1966, iṣẹ́ rẹ̀ kò sì yí padà tó bẹ́ẹ̀. Èyí tí ara rẹ̀ ti bó díẹ̀ ń ṣiṣẹ́ bí tuntun. Bí ẹ bá ní rìsíìtì rẹ̀, ẹ ò nídìí láti sáré tẹ̀lé owó pọ́ọ́kú lórí rẹ̀ rárá. Interface kì í rí bẹ́ẹ̀, torí bí ilé iṣẹ́ bá ti gbé ìran tuntun jáde, iye ti àtijọ́ ń sọ̀ kalẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Èyí tí ẹ bá fẹ́ tà nínú wọn, ẹ tètè tà á.

Ẹni tó wà ní Kánò tàbí Kàdúná

Irú èyí máa ń ná an pọ́ọ́kú pẹ̀lú ìdí: owó ọkọ̀ wà lórí rẹ̀, kò sì lè dán an wò. Ẹ pe e lórí fídíò, kí ẹ tan ẹ̀rọ náà lójú rẹ̀, kí ẹ fi nọ́ńbà ìdánimọ̀ tó wà lára rẹ̀ hàn án. Lẹ́yìn náà, ẹ jẹ́ kó mú ọ̀kan: kó san iye yín kí ẹ̀yin sì ru owó wébíìlì láti páákì, tàbí kó gba ẹ̀dínwó kékeré kí òun sì san wébíìlì. Ẹ má fún un ní méjèèjì. Owó gbọ́dọ̀ ti wọlé kí ẹrù tó wọ mọ́tò, kí ẹ sì yẹ̀ ẹ́ wò nínú app báǹkì yín fúnra yín, torí àlẹ́ẹ̀tì ayédèrú lè wọ fóònù gẹ́gẹ́ bí ojúlówó.

Bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta bá kọjá

Ẹ má tíì já iye orí Jiji wálẹ̀. Bí ẹ bá dín in kù lójú gbogbo ayé, ẹni tó ń bọ̀ á fi iye tuntun náà bẹ̀rẹ̀ nínáà, á sì tún gbé e wálẹ̀ láti ibẹ̀. Ẹ padà sọ́dọ̀ àwọn tó ti ná an, tí wọ́n sì fi ọ̀wọ̀ ná an. Ìdí tó fi yẹ kí ẹ máa tọ́jú orúkọ wọn nìyẹn. Ẹ kọ sí ẹni tí owó rẹ̀ ga jù láàárín wọn: *"Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, ẹ̀gbọ́n. Sípíkà yẹn ṣì wà. Mo lè gba 360 báyìí bí ẹ bá fẹ́ kó jẹ́ tiyín kí n tó sọ fún ẹlòmíì."* Ẹ fún un ní ọjọ́ méjì. Bí kò bá gbà, ẹ lọ sí ẹni tó tẹ̀lé e. Bí ẹnì kan nínú wọn bá sọ pé òun ń bọ̀, ẹ sọ fún àwọn tó kù pé ẹnì kan ti ṣáájú wọn, ṣùgbọ́n ẹ má yọ ìpolówó náà kúrò títí owó á fi wọlé.